Ọpọlọ àwọn àgbà Ìdíkàn kì í ṣe ogún

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa ará Ìbàdàn fẹ́ràn láti máa fi yangàn bí àsọ̀rọ̀ bá dórí ogbó. A ó ní àwọn òyìnbó wá sí ìlú wa, wọ́n wádìí wa wò, wọ́n sì rí i pé iyè àwọn arúgbó wa kì í rà bíi ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Mo ti gbọ́ ọ níbi òkú, mo ti gbọ́ ọ nínú mọ́tò, wọ́n sì ti fi í ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, wọ́n fi kún un pé àmàlà àti ewédú ló fà á. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n apá kan ọ̀rọ̀ ni à ń sọ, apá tí a fi sílẹ̀ ló sì kan èmi tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó kan ìwọ náà tó jókòó tó ń kà á lórí fóònù.

Ìwádìí náà wáyé lóòótọ́, kì í sì í ṣe òyìnbó nìkan ló ṣe é. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí, ló ṣáájú àwọn ti Yunifásítì Ìbàdàn.   Hugh Hendrie ti Indiana University ló ṣáájú àwọn ará Amẹ́ríkà. Ìdíkàn, àdúgbò kan nílùú Ìbàdàn, ni wọ́n yàn. Lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ni, àwọn tí wọ́n kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú kúrò létí òkun wa. Ọdún 1992 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀ṣúntókun kú lọ́dún 1995, àwọn bíi Adéṣọlá Ògúnníyì, Olúṣẹ́gun Baiyewu àti Oyè Gúrèjé sì ń bá a lọ.

Ọdún 1995 yẹn náà ni nọ́ńbà àkọ́kọ́ jáde. Nínú àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè ní Ìdíkàn, ìdá 2.29 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní dementia, èyí tí iyè fi ń rà tí èèyàn ò sì ní lè dá ṣe ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní Indianapolis, ìdá 4.82 ni láàárín àwọn tó ń gbé inú ilé ara wọn. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó wà nílé ìtọ́jú arúgbó mọ́ ọn, ó di 8.24. Àwọn kan sọ nígbà náà pé bóyá àrùn náà ń mú wa bákan náà, àmọ́ àwọn tó bá mú níhìn-ín kì í pẹ́ kú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dà bíi pé wọn ò pọ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Kí wọ́n lè dáhùn rẹ̀, àwọn olùwádìí tẹ̀ lé àwọn tí ara wọn dá nígbà àkọ́kọ́, wọ́n sì ń ka àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó àrùn náà. Àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 2001 nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà: ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún ní Ìbàdàn, 3.24 ní Indianapolis. Ó lé ní ìlọ́po méjì.

Ohun tó wù mí jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà ni bí wọ́n ṣe béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ wo ìyá kan tó lé ní àádọ́rin ọdún, tí kò ka ìwé rí, tí kò sì sẹ́ni tó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀. Ìdánwò tí wọ́n ń lò nílùú òyìnbó á bi í pé kí ni déètì òní, á ní kó ka iye láti ọgọ́rùn-ún padà sẹ́yìn ní méje-méje. Bó bá kùnà, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́, ìyá tó jẹ́ pé bí o bá fẹ́ mọ ẹni tó bí ẹni tó bí baba ọkọ rẹ̀, kò ní dánu dúró kó tó sọ ọ́ fún ọ. Wọ́n wá ṣe ìdánwò mìíràn tí wọ́n pè ní CSI-D, tí ẹni tó kàwé àti ẹni tí kò kàwé lè jọ ṣe. Wọ́n á ní kí àgbà dárúkọ gbogbo ẹranko tó bá wá sí i lọ́kàn láàárín ìṣẹ́jú kan. Wọ́n á sọ ìtàn kúkúrú kan, wọ́n á ní kó tún un sọ. Ọjọ́ orí pàápàá, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nílùú ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀: o ti wọ ilé ọkọ nígbà yẹn àbí o ò tíì wọ̀ ọ́?

Apá kan ìdánwò náà wà tó jẹ́ pé ẹni tó ń bá àgbà gbé ni wọ́n ń bi. Ibí yìí ni mo ti máa ń dúró ronú. Bí ọmọ bá ń fọ aṣọ fún Màmá, tí ìyàwó ọmọ ń se oúnjẹ, tí ọmọ-ọmọ ń lọ sí ọjà, ta ló máa mọ̀ pé Màmá ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀? Àwọn olùwádìí náà mọ̀ pé ìṣòro yìí wà: nílé wa, a kì í retí iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ arúgbó, nítorí náà àrùn lè ti wọlé tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura. A ó ní ó ń ṣarán, a ó rẹ́rìn-ín, ó parí. Ìgbà tó bá jáde lọ́sàn-án gangan tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́ la tó máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ká gbà pé nọ́ńbà náà tọ́, torí èmi gbà á. Kí ló wá fà á? Àwọn tó ń sọ ọ́ nínú mọ́tò gbà pé ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ló yàtọ̀. Wọn ò rántí pé ìdí tí wọ́n fi yan Indianapolis gan-an ni pé ìbátan wa làwọn yẹn, a jọ pín nínú ìran kan náà. Àbùdá kan tún wà tí wọ́n ń pè ní APOE e4, tó máa ń jẹ́ kí àrùn Alzheimer tètè rí èèyàn gbé ṣe. Àwọn ará Ìdíkàn ní in dáadáa. Bó ṣe ń ṣọṣẹ́ lọ́hùn-ún ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣọṣẹ́ tó níhìn-ín. Ohun tó yàtọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń gbé. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbà Ìdíkàn kéré sí ti àwọn ìbátan wọn ní Indianapolis, ẹ̀jẹ̀ ríru ò sì pọ̀ láàárín wọn tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àtọ̀gbẹ.

Ẹni tó bá ti pé 65 lọ́dún 1992, ọdún 1927 tàbí kó tó dìgbà náà ni wọ́n bí i. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ sóko, orí ló fi ń ru ẹrù bọ̀. Ẹran tó ń jẹ ò tó nǹkan. Ó ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń sùn nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú nítorí kò sí iná, àwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀ lójúmọ́ sì lè kún ọkọ̀ kan. Àwa ńkọ́? Èmi tí mò ń kọ èyí, orí àga ni mo ti wà láti àárọ̀. Ọ̀kadà ló ń já mi sí ẹnu géètì ilé mi, ibi tí ò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láti bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Bí wọ́n bá kó èmi àtàwọn ẹgbẹ́ mi jọ kí wọ́n sì wò wá, ará Indianapolis la ó jọ, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní àrùn pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. A ti fi ìgbé ayé Ìdíkàn sílẹ̀, a wá ń fi àbọ̀ ìwádìí Ìdíkàn tu ara wa nínú.

Lọ́dún 2011, Ògúnníyì àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé òmíràn jáde láti ara àwọn àgbà Ìbàdàn yìí kan náà: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń ru, dementia súnmọ́ ọn ju ẹni tí tirẹ̀ ò ru lọ. Èyí ò fi bẹ́ẹ̀ tàn ká orí WhatsApp. Ọpọlọ kéré, kò wúwo púpọ̀ ju kílógíráàmù kan lọ, ṣùgbọ́n nínú gbogbo afẹ́fẹ́ oxygen tí ara ń lò, òun nìkan ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Àwọn iṣan tín-ín-tín-ín ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bá a. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru fún ogún ọdún tí a ò tọ́jú rẹ̀, àwọn iṣan wọ̀nyí á máa le, á máa dí, àwọn ẹ̀gbà kéékèèké tí èèyàn ò ní mọ̀ pé ó ṣe òun á sì máa jẹ ọpọlọ níbi kọ̀ọ̀kan. Kò ní dùn ọ́. Lọ́dún 2019, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí wọ́n bá fi oògùn fa nọ́ńbà òkè ẹ̀jẹ̀ ríru wá sísàlẹ̀ 120, dípò kí wọ́n fi mọ ní 140, ìgbàgbé tó máa ń ṣáájú dementia máa ń dín kù. Àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni wọ́n fi ṣe é. Ẹgbẹ́ mi. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ fi oògùn dá nọ́ńbà yẹn lé ara rẹ̀ o, dókítà ló ń sọ ibi tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ kálukú dúró, torí àgbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá wálẹ̀ jù lè dìde láàárọ̀ kó ṣubú lulẹ̀.

Lọ́dún 2024, àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet kó jọ ka ohun mẹ́rìnlá tó ń mú kí ewu dementia pọ̀ sí i, tí ọwọ́ èèyàn sì lè ká. Wọ́n ní bí a bá lè mú gbogbo wọn kúrò, ó lè gba nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní in lágbàáyé lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí kó sún un síwájú. Mi ò ní to mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá síbí. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, sìgá àti ọtí wà níbẹ̀, ẹ ti gbọ́ ìyẹn sú. Àwọn tí kì í wá sí wa lọ́kàn ni mo fẹ́ mú: etí tó di, ojú tó ń ṣú, dídá wà, èéfín, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ọjẹ́, ta aṣọ òkè ní ọjà Ọjẹ́ títí wọ́n fi dàgbà gan-an. Wọn kì í kọ gbèsè sílẹ̀. Bí oníbàárà bá dé, wọ́n á wò ó lójú, wọ́n á ní, "Ìwọ lo gba àlàárì ìyàwó lọ́jọ́sí, ẹgbẹ̀rún méjì ló kù lọ́wọ́ ẹ, àbúrò ẹ ọkùnrin ló bá ọ ru ú." Oníbàárà á dọ̀bálẹ̀, á tọwọ́ bàpò. Lọ́jọ́ ọjà, wọ́n á parí ìjà, wọ́n á bú alábàárù, wọ́n á pín owó àjọ fún ogún èèyàn láìfi bírò kan ìwé, wọ́n á mọ ẹni tó yẹ kó kó ọ lóṣù tó ń bọ̀ àti ẹni tó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ti òun sẹ́yìn.

Nígbà tí àwọn ọmọ wọn là, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n kó Màmá lọ sí ilé tuntun níta ìlú, ilé tó ní fẹ́ǹsì, tó ní fáànù àti tẹlifíṣàn ńlá, ọmọ ọ̀dọ̀ ń gbé oúnjẹ wá fún wọn lórí tíréè. Ìfẹ́ ni. Ṣé kí ọmọ ẹni máa wọ bẹ́ǹsì kí ìyá ẹni máa pàtẹ lóòrùn ni? Gbogbo ayé ló gbóṣùbà fún wọn, èmi náà gbóṣùbà. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Màmá dákẹ́. Bí a bá lọ kí wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí wa, wọ́n á dáhùn ohun tí a ò béèrè. O lè ní "Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?", wọ́n á ní "Ó wà ní Èkó." Àwọn ọmọ-ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lẹ́yìn wọn pé Màmá ti ń ṣarán.

Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́kọ́ wo etí wọn. Ìdọ̀tí etí tó jáde lọ́jọ́ náà, dúdú, ó le bí èkùrọ́, a gbé e sórí òwú, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n wá dán ìgbọ́ràn wọn wò, etí òsì ṣì ń gbọ́ díẹ̀, ọ̀tún ti kú tipẹ́tipẹ́, ó ti ń kú látọdún tí wọ́n fi wà lọ́jà, níbi tí wọ́n ti ń wo ẹnu oníbàárà mọ ohun tó ń sọ. Nínú ilé tuntun, tẹlifíṣàn ni wọ́n ń wò. Kò sí ẹnu oníbàárà láti wò. Wọn ò di ọmọ ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn o, iyè wọn rà díẹ̀ lóòótọ́, dókítà sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ àbúrò mi fẹ́ gbéyàwó, tí wọ́n gbé aṣọ òkè wá fi hàn wọ́n, wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka kejì ra á wò, wọ́n ní ẹ̀rọ ló hun ún, wọ́n ní ta ló rà á, èló, wọ́n ní olè ni ẹni tó tà á, ẹni tó sì rà á ò lọ́gbọ́n. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó rà á ń wo ilẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo jáde síta lọ rẹ́rìn-ín.

Etí tó bá di ń pa èèyàn lára lọ́nà méjì. Àwọn onímọ̀ rò pé ọpọlọ á máa lo agbára púpọ̀ láti fi tú ọ̀rọ̀ tí kò dún dáadáa, ìyókù tó máa fi rántí ò ní tó. Àwọn èèyàn á sì máa sá fún ẹni tí wọ́n ní láti pariwo mọ́. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2023, láàárín àwọn ẹni 70 sí 84 ọdún, wo bóyá ẹ̀rọ etí lè dáàbò bo iyè. Fún gbogbo wọn lápapọ̀, kò yàtọ̀. Àmọ́ láàárín àwọn tí ewu pọ̀ lára wọn, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ bíi tiwa ń bá jà, iyè àwọn tó lo ẹ̀rọ náà rà ní ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí tàwọn yòókù láàárín ọdún mẹ́ta. Èmi ò mọ ilé Yorùbá tí wọ́n ti ń yẹ etí arúgbó wò lọ́dọọdún. Ìró gbohùngbohùn ilé ìjọsìn àti jẹnẹrétọ̀ la fi ń tọ́ etí wa dàgbà.

Ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló tún ń dùn mí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ káàkiri ìpínlẹ̀ mẹ́jọ níbi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá lọ́dún 2003 àti 2004, wọ́n bá àgbà 2152 sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ti pé 65. Ìdá 26.2 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ní ìrẹ̀wẹ̀sì tó le, tó dé ìwọ̀n àìsàn, nígbà kan láyé wọn, ìdá 7.1 ló ní in láàárín ọdún tó ṣáájú ìbéèrè. Bí ibi tí èèyàn ń gbé bá ṣe ń di ìlú ńlá sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń pọ̀ sí i. Ẹ rántí Màmá nínú fẹ́ǹsì. À ń sọ pé àwa kì í ní irú àìsàn yẹn, pé ti òyìnbó ni. Àgbà wa ò ní sọ fún ọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì bá òun. Wọ́n á ní orí àwọn ń gbóná, nǹkan ń rìn wọ́n lára, àyà ń já wọn, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu, oorun ò wá. A ó lọ ra oògùn ibà. Ibà ò ní lọ. A ó lọ ra ti taifọ́ọ̀dù.

Ìrẹ̀wẹ̀sì tún lè gbé aṣọ iyè-rírà wọ̀. Ohun kan tí dókítà kọ́ mi tó wúlò púpọ̀ ni pé kí n máa wo bí wọ́n ṣe ń dáhùn. Bí o bá bi ẹni tí iyè rẹ̀ ń rà ní ọ̀rọ̀, á máa wá ìdáhùn kan ṣáá, á tan ara rẹ̀ àti ìwọ jọ, á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú kì í dá ara rẹ̀ láàmú. "Mi ò mọ̀," á kọjú sí ògiri. Kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀, dókítà ló máa sọ èwo ni èwo, ṣùgbọ́n ìrẹ̀wẹ̀sì ní ìwòsàn. Ó tún ní ẹ̀bi kan tó máa ń dì mọ́ èèyàn láìnídìí: èmi ni mo fa ikú ọmọ mi, èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n ríṣẹ́. Ìyá àgbà tó bá ti ń sọ bẹ́ẹ̀ lóru, tí kò sùn, tó ń rìn kiri inú ilé nínú òkùnkùn, ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń sọ ọ́. Wọ́n á ní ó ti ń jẹ́wọ́. Wọ́n á gbé fóònù, wọ́n á máa ya fídíò rẹ̀. Bí mo bá rí irú fídíò bẹ́ẹ̀ ara mi máa ń gbọ̀n, torí ohun tí mò ń rí níbẹ̀ ni àmì àìsàn tó wà nínú ìwé ìṣègùn, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

A ní ìtàn tó dáa ju ìyẹn lọ. Lọ́dún 1954, Adéoyè Lámbò, dókítà àrùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan ní Àró, Abẹ́òkúta, tí ayé wá wò. Dípò kó ti àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lé, ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó wà ní àyíká ilé ìwòsàn, ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá kó sì dúró tì í, wọ́n á wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n á padà sáàárín èèyàn nírọ̀lẹ́. Ó lo ìbátan bí oògùn. Mo gbóríyìn fún un, ṣùgbọ́n mo tún fẹ́ béèrè ẹni tí ìbátan yẹn jẹ́ lóde òní. A máa ń fọ́nnu pé àwa kì í gbé arúgbó wa lọ sílé ìtọ́jú. Wo inú ilé tó o mọ̀ dáadáa: obìnrin kan ló ń ṣe é. Ọmọbìnrin tí ò tíì lọ́kọ, tàbí èyí tọ́kọ rẹ̀ kú, tàbí ìyàwó àbíkẹ́yìn. Òun ló ń jí lẹ́ẹ̀mẹta lóru láti wo ilẹ̀kùn, òun ló ń fọ aṣọ ibùsùn, òun náà ni wọ́n máa pè lórí fóònù láti òkè òkun béèrè pé kí ló dé tí Màmá rù. Àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ ló ń pàṣẹ. Ẹ̀jẹ̀ obìnrin yẹn náà ń ru, ẹ yẹ ẹ́ wò.

Àwọn tó kó ìyá wọn lọ sí òkè òkun náà ní tiwọn. Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan ti gbé Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, láti ìgbà èwe wọn. Wọ́n ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n fẹ̀yìntì níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wọn já gaara. Nígbà tí iyè bẹ̀rẹ̀ sí í rà, Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ lọ. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní dementia, èdè tí wọ́n kọ́ kẹ́yìn lè ṣáájú lọ, kí ti ìyá ẹni ṣẹ́kù. Obìnrin tó ń wá tọ́jú wọn lójúmọ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n ń ráhùn, wọ́n ń sọ ohun tí kò ní ìtumọ̀. Ọ̀rẹ́ mi gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó jókòó tì wọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ohun tí ìyá ń sọ ni "Ẹ bá mi ṣí fèrèsé, ooru ń mú mi." Wọ́n ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn jókòó sí yàrá kejì, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbọ́ Yorùbá.

Bí àgbà kan bá wà nílé yín tí ó ń gbàgbé, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fún un lórúkọ. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní ibùdó ìtọ́jú àwọn àgbà láti ọdún 2012. Bí ìyípadà náà bá dé lójijì, láàárín ọjọ́ kan sí méjì, tó ń sọ ìsọkúsọ tó ń sùn tó ń jí, ẹ sáré gbé e lọ lọ́jọ́ náà: ibà, àrùn ojú ọ̀nà ìtọ̀, àìmu omi tó, ìṣubú tó fi orí gbá ilẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún arúgbó, wọ́n sì ń wò ó sàn. Bó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń bọ̀, ẹ ní kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà, vitamin B12, ẹṣẹ́ ọ̀fun tí wọ́n ń pè ní thyroid, etí àti ojú. Kí ẹ sì kó gbogbo oògùn tó ń lò dání, gbogbo rẹ̀, àtèyí tẹ́ ẹ rà fúnra yín.

A kó ti Màmá Ọjẹ́ sínú náílọ́ọ̀nù dúdú kan nígbà tí a padà lọ, a dà á sórí tábìlì dókítà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan ti kọjá ọjọ́. Oògùn kàtá wà níbẹ̀, èyí tó ní chlorpheniramine nínú, kò sì sí kàtá tó ń ṣe wọ́n. Ẹnì kan ló ní kí wọ́n máa lò ó lálẹ́ torí ó ń múni sùn. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé irú oògùn yẹn ń dí ohun kan tí ọpọlọ fi ń rántí nǹkan, pé kò yẹ kí arúgbó máa lò ó lójoojúmọ́, ó sì yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ó tún yọ oògùn oorun mìíràn, ó ní díẹ̀díẹ̀ ni kí a dín in kù, kí a má fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá gbé ìgò àgbo, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó bi wá pé kí ló wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó ní kí wọ́n má mu ún mọ́. Màmá, tí wọ́n ti gbé àga wọn sún mọ́ tábìlì kí wọ́n lè máa wo ẹnu dókítà, ní ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni wọ́n ra ìgò yẹn, kò tíì dé ìdajì, ta ló máa dá owó wọn padà?